Yíya ẹ̀dà "Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn" ti Leonardo da Vinci lọ́wọ́: ìwọ̀n kánfáàsì, ọ̀dà, àti èwo gan-an là ń dà kọ?

#1 Ìgbìmọ̀_Ìjọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ayàwòrán. Ìjọ wa fẹ́ gbé "Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn" kan kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn tí a ti ń jẹun lẹ́yìn ìsìn. A ò fẹ́ èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Èyí tí èèyàn fi ọwọ́ yà, tó fi ọ̀dà olóròóró yà sórí kánfáàsì, la fẹ́. Ààyè tó wà lára ògiri náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ayàwòrán kan ní kánfáàsì ẹsẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́ta lòun máa lò, ọ̀sẹ̀ méjì lòun sì máa fi parí rẹ̀. Ṣé ìwọ̀n yẹn dára? Ṣé ọ̀sẹ̀ méjì tó? Kí ló yẹ ká wò fínnífínní ká tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

#2 KánfáàsìÌbàdàn

Ẹ kú àbójútó ìjọ. Ìwọ̀n tí wọ́n sọ fún yín kò bá àwòrán náà mu. Ojúlówó rẹ̀, tó wà lára ògiri yàrá ìjẹun àwọn mọ́ńkì Dominican ní Santa Maria delle Grazie nílùú Milan, ga ní sẹ̀ǹtímítà 460, ó sì fẹ̀ ní 880. Ẹ fi 460 pín 880, ẹ ó rí i pé 1.91 ló jẹ́, kò pé ìlọ́po méjì. Kánfáàsì ẹsẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́ta sì jẹ́ ìlọ́po méjì gééré. Ọ̀kan nínú méjì ni ayàwòrán yẹn máa ṣe: yálà kó gé sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ó lé díẹ̀ kúrò lára àjà ilé tó wà lókè, tàbí kó fa àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè kún un. Tó bá fi fà á, orí gbogbo àpọ́sítélì á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó ṣe é, àmọ́ ara rẹ̀ kò ní gbà á.

Ìwọ̀n tí mo máa ní kẹ́ ẹ béèrè ni 176 sí 92. Ìdá márùn-ún ojúlówó náà gẹ́lẹ́ nìyẹn, fífẹ̀ àti gíga. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀: tí ayàwòrán bá fa ìlà onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 sórí kánfáàsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún sẹ̀ǹtímítà 20 lára ògiri Milan. Mẹ́rìnlélógójì máa wà ní ìbú, mẹ́tàlélógún ní òró, 1,012 lápapọ̀. Kò sí ìṣirò tó ń da orí rú nínú rẹ̀.

Ẹ rántí férémù. Ẹsẹ̀ mẹ́fà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 183. Tí kánfáàsì bá gba 176, igi férémù kò gbọ́dọ̀ yọ ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní wọ ààyè yẹn. Férémù oníwúrà gbàràgbàrà tí wọ́n ń tà lọ́jà kò ní bá a lọ.

Igi tí wọ́n máa na kánfáàsì lé: kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí aṣọ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó má fara kan aṣọ níbòmíì àyàfi ní etí. Kó ní igi ìdábùú kan lóòró, kan ní ìbú, torí 176 ti gùn jù fún igi tí kò ní alátìlẹ́yìn. Aṣọ kánfáàsì fúnra rẹ̀, kí wọ́n gé e ní 192 sí 108, kí sẹ̀ǹtímítà 8 lè ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n máa ká sẹ́yìn.

#3 Ọ̀gá_Fánííṣì

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ọ̀sẹ̀ méjì. Kò lè ṣeé ṣe fún ọ̀dà olóròóró tí wọ́n fi sùúrù yà. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí aṣọ tá a sá sóòrùn. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú òróró náà díẹ̀díẹ̀ tó fi ń le. Ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ dúdú, ìyẹn umber, lè gbẹ láàárín ọjọ́ méjì. Funfun titanium máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan. Dúdú eérú egungun àti pupa alizarin máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá fi èyí tó ń yára gbẹ lé orí èyí tí kò tíì gbẹ, òkè á gan nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì ń rìn, yóò sì sán bí ilẹ̀ odò nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni mo máa fún ẹni tó mọ iṣẹ́.

Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ méjì, acrylic, ìyẹn ọ̀dà olómi tó ń yára gbẹ, ló fẹ́ lò, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló máa tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì, tí yóò wá fi jẹ́ẹ̀lì tí kò láwọ̀ fa búrọ́ọ̀ṣì lé e lórí kó lè dà bíi pé ọwọ́ ló yà á. Acrylic kì í ṣe jìbìtì, ṣùgbọ́n kó sọ ọ́. Jìbìtì ni ti ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ ó mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ìlọ́po mẹ́wàá tó, kẹ́ ẹ wo ojú Jòhánù tàbí ti Jésù. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ẹ ó rí àmì tóótòòtó aláwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n pọ̀ bí ìyẹ̀fun. Ọ̀dà tí ọwọ́ pò kì í ní tóótòòtó. Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ gbá ojú àwòrán náà, kẹ́ ẹ wo ojú ẹsẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì. Nínú iṣẹ́ gidi, ojú ẹsẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì máa ń tẹ̀ lé ohun tó yà: ó ká níbi ìṣẹ́po aṣọ, ó yí níbi èjìká, ó dúró níbi tí àwọ̀ kan ti parí. Lára ayédèrú, jẹ́ẹ̀lì náà kàn ń rìn kọjá lórí ìka, lórí búrẹ́dì, lórí aṣọ tábìlì, láìbìkítà ibi tí àwọ̀ parí sí.

#4 ÌlàÀwòrán_LDN

Ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo èyí kò tíì jáde, ìbéèrè náà sì nìyí: èwo lẹ fẹ́ kó dà kọ? "Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn" kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo mọ́.

Láàárín 1495 sí 1498 ni Leonardo yà á. Àṣà tó wà nígbà náà ni pé kí ayàwòrán fi ọ̀dà olómi sórí ìrẹ́ ògiri tó ṣì tutù, kí ọ̀dà àti ògiri gbẹ pọ̀ di ọ̀kan. Ìrẹ́ tútù kì í dúró de èèyàn, Leonardo sì jẹ́ ẹni tó máa ń padà sórí ojú kan náà léraléra. Ó wá fi ẹyin àti òróró po ọ̀dà, ó yà á sórí ògiri tó ti gbẹ. Ọ̀dà yẹn kò wọ ògiri lára rárá. Ọ̀rinrin wọlé, kò sì tíì tó ogún ọdún tó parí rẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń bó. Ní 1652, wọ́n la ilẹ̀kùn sí ìsàlẹ̀ àárín rẹ̀, ẹsẹ̀ Jésù sì bá a lọ. Oríṣiríṣi èèyàn wá ń fi ọ̀dà tiwọn dí ibi tó bó. Ní oṣù August 1943, bọ́ǹbù wó òrùlé yàrá náà. Àpò iyanrìn tí wọ́n tò síwájú ògiri náà ló gbà á là. Láti 1978 dé 1999 ni Pinin Brambilla Barcilon, obìnrin onítúnṣe àwòrán, fi ń há ọ̀dà àwọn onítúnṣe àtijọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ibi tí kò ti rí nǹkan kan mọ́, ọ̀dà olómi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi sí i.

Nítorí náà, ẹni tó bá dà á kọ láti inú fọ́tò ògiri òde òní, àbàwọ́n àti àlàfo ló ń dà kọ, kò sì ní rí ẹsẹ̀ Jésù rárá.

Àwọn tó sún mọ́ Leonardo ti yà á nígbà tó ṣì dá ṣáká. Ẹ̀dà tí wọ́n ka sí iṣẹ́ Giampietrino, tí wọ́n yà ní nǹkan bí 1520 sórí kánfáàsì, wà ní Royal Academy, ilé iṣẹ́ ọnà kan ní London níbí. Àwọn ló rà á ní 1821. Ó fẹ̀ ju mítà méje àti ààbọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ Jésù wà lábẹ́ tábìlì níbẹ̀, ó hàn kedere. Àwo iyọ̀ tí apá Júdásì gbá dànù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lára ògiri Milan, agbára káká lèèyàn fi máa rí iyọ̀ yẹn. Ẹ̀dà yìí wà lára ohun tí àwọn onítúnṣe náà ń yẹ̀ wò bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń gbé London lè lọ wò ó ní Piccadilly láìsan kọ́bọ̀.

Èkejì wà ní ilé àwọn mọ́ńkì Tongerlo ní Belgium, tí wọ́n ti rà á láti 1545. Ti Tongerlo ní gbogbo àjà ilé lókè. Wọ́n ti gé òkè ti London kúrò, bí ìdá mẹ́ta rẹ̀, wọ́n sì gé díẹ̀ lára fífẹ̀ rẹ̀. Ayàwòrán tó bá fẹ́ lo méjèèjì pọ̀ kò gbọ́dọ̀ fa ìlà onígun mẹ́rin kan náà lé wọn lórí. Kó fi orí Jésù àti etí tábìlì ṣe ìwọ̀n, kó tó gbé ẹsẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíì.

Ẹ̀yà kẹta ló pọ̀ jù lọ lára ògiri pálọ̀ káàkiri ayé, àwọn tó ní i lọ́wọ́ kò sì mọ orísun rẹ̀. Raphael Morghen fín in sórí bàbà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1800, láti inú àwòrán tí Teodoro Matteini fi pẹ́ńsùlù yà fún un. Láti ibẹ̀ ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dà ti jáde. Ojú wọn dán, irun wọn rọ̀, àmọ́ wọ́n jìnnà sí Leonardo.

#5 ỌmọIṣẹ́_Yábàá

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé ẹni tó fi ẹsẹ̀ Giampietrino sí iṣẹ́ Leonardo ti pa méjì pọ̀? Ó dà bíi pé ògiri tó wà níbẹ̀ lónìí ni òtítọ́. Kéèyàn ya ohun tó rí.

#6 ÌlàÀwòrán_LDN

Àbúrò, ìbéèrè tó gún régé ni. Tó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ló fẹ́ ẹ̀dà náà, tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọ bí àwòrán ṣe ń bà jẹ́, mo gbà pẹ̀lú rẹ: ya ògiri náà bó ṣe wà, ti àlàfo ti àlàfo. Àmọ́ gbọ̀ngàn ìjẹun ìjọ ni wọ́n ń sọ níbí. Àwọn mọ́ńkì Milan gan-an, inú yàrá tí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n ti ń wò ó, tábìlì tiwọn kọjú sí tábìlì Jésù. Ohun tí àwọn yẹn rí lọ́jọ́ tó parí ni ìjọ yìí ń wá, kì í ṣe ohun tí ọ̀rinrin ṣẹ́ kù. Lójú tèmi, kí ètò, ìrísí ara àti ìmọ́lẹ̀ wá láti Milan, kí ohun tó sọnù wá láti London àti Tongerlo, kí wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán náà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é.

Fọ́tò tó dára wà. Ilé iṣẹ́ afọ́tò Haltadefinizione ya ògiri Milan ní 2007, píksẹ́lì bílíọ̀nù 16, èèyàn lè rí ojú ibi tí ọ̀dà ti sán. Ìkànnì Google Arts & Culture gbé ti Royal Academy jáde ní 2020. Kí ayàwòrán yín má ṣiṣẹ́ láti ara kàlẹ́ńdà.

#7 Àdùkẹ́_Aláwọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọwọ́, torí ọwọ́ ni àwòrán yìí fi ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ ẹ̀dà ti ń kú.

Ìṣẹ́jú tí Leonardo mú ni ti Jòhánù 13, ẹsẹ 21: Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ọ̀kan nínú wọn yóò fi òun hàn. Ẹnu rẹ̀ ṣì là díẹ̀. Iṣẹ́ ìtúnṣe tó parí ní 1999 ló fi èyí hàn dáadáa. Ayàwòrán tó bá pa ẹnu yẹn dé ti pa ìdí tí gbogbo àwọn yòókù fi dìde mọ́ wa lójú.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ òsì ẹni tó ń wò ó, àwọn mẹ́ta tó sún mọ́ Jésù: Júdásì, Pétérù, Jòhánù. Pétérù ti fara kọjá lẹ́yìn Júdásì láti bá Jòhánù sọ̀rọ̀, bó ṣe wà ní ẹsẹ 24. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà léjìká Jòhánù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká sẹ́yìn sí ìbàdí, ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀, ẹnu ọ̀bẹ náà kọjú sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Nínú ẹ̀dà burúkú, ọwọ́ yẹn dà bí ọwọ́ ẹnì kẹrìnlá tí a kò rí orí rẹ̀. Ìdí ni pé ayàwòrán ya ọwọ́ àti ọ̀bẹ láìkọ́kọ́ mọ ibi tí ìgúnpá wà. Ọ̀nà àbáyọ: kó tó fi àwọ̀ kankan síbẹ̀, kó fi èédú fa egungun apá náà láti èjìká Pétérù, kó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn Júdásì, kó dé ìgúnpá, kó ṣẹ́ padà sí ìbàdí, kó wá ká ọrùn-ọwọ́ síta. Tí ìlà mẹ́ta yìí bá so pọ̀, kó wá fi aṣọ bò ó. Leonardo fúnra rẹ̀ ya apá aṣọ yẹn lọ́tọ̀ lórí pépà kó tó gun ògiri, pépà náà wà nínú àkójọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Windsor títí di òní, pẹ̀lú orí Fílípì, ti Júdásì àti ti Jákọ́bù Ńlá. Kí ayàwòrán wo àwọn pépà yẹn. Wọ́n ń sọ ohun tí ògiri kò lè sọ mọ́.

Ọwọ́ tó kù: Júdásì di àpò owó mú ní ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń nà lọ sórí tábìlì, ọwọ́ ọ̀tún Jésù náà sì ń bọ̀ lódìkejì. Àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ dí. Tọ́másì na ìka kan sókè. Fílípì kó ọwọ́ méjèèjì sí àyà. Áńdérù gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè síwájú. Kí wọ́n ka ìka o! Mo ti rí ẹ̀dà tí Áńdérù ní ìka mọ́kànlá.

#8 KánfáàsìÌbàdàn

Àǹtí Àdùkẹ́ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán lórí ọwọ́. Mo fẹ́ fi ti ilé kún un.

Gbogbo ìlà tó ń wọ inú lọ, igi àjà lókè àti etí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri ẹ̀gbẹ́, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń sá lọ bá: ẹ̀bátí ọ̀tún Jésù. Wọ́n rí ihò ìṣó kékeré níbẹ̀ lára ògiri Milan. Òwú ni Leonardo so mọ́ ìṣó náà tó fi ń fa ìlà. Ẹ má fi ìṣó lu kánfáàsì yín. Ẹ lẹ orí òwú kan mọ́ ojú yẹn pẹ̀lú téèpù bébà, ẹ fi èédú lílọ̀ kun òwú náà, ẹ fà á dé etí kánfáàsì, ẹ gbé e díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbá kánfáàsì lẹ́ẹ̀kan. Ìlà gbọọrọ ló máa kù síbẹ̀. Ẹ fẹ́ èédú náà kúrò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi pẹ́ńsùlù fẹ́lẹ́ gbà á. Tí àjà ilé bá wọ́, àwọn èèyàn mẹ́tàlá yẹn á dà bí ẹni tó fẹ́ yọ́ bọ́ sílẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti òsì, torí òsì ni fèrèsé yàrá ìjẹun gidi wà. Ògiri ọ̀tún nínú àwòrán ló mọ́lẹ̀, ti òsì ṣókùnkùn. Kò sí òrùka ìmọ́lẹ̀ lórí ẹnikẹ́ni. Fèrèsé àárín tó wà lẹ́yìn Jésù, pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà ilé tó tẹ̀ kọrọdọ lórí rẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ìjọ bá ní kí wọ́n fi òrùka wúrà kún un, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

#9 ỌmọIṣẹ́_Yábàá

Ẹ jọ̀ọ́, ti kíkun kánfáàsì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń kunlé pò mọ́ gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà. Kò wọ́n, ó sì funfun.

#10 Ọ̀gá_Fánííṣì

Ẹfun inú ọ̀dà ìkunlé pọ̀, ohun tó so ó pọ̀ kéré. Ó máa ń fa òróró mu lára ọ̀dà tó wà lókè títí ọ̀dà yẹn á fi di gbígbẹ hanhan, tí wọ́n bá sì ká a, ó máa ń bó. Gọ́ọ̀mù káfíńtà tún máa ń le bí ó ṣe ń dàgbà. Fún ohun tí ìjọ fẹ́ gbé kọ́ fún ogójì ọdún, ẹ má lò ó.

Jẹ́sò acrylic gidi, ìyẹn ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń kun kánfáàsì kí wọ́n tó yàwòrán, ni kẹ́ ẹ rà, lítà kan máa tó ìkùn mẹ́rin lórí kánfáàsì 176 sí 92. Ìkùn àkọ́kọ́, ẹ fi omi là á díẹ̀ kó lè wọ aṣọ. Ẹ kun ọ̀kan ní ìbú, èkejì ní òró. Ẹ fi sáńpépà fẹ́lẹ́ họ ọ́ láàárín wọn, torí ojú àwọn àpọ́sítélì ní ìwọ̀n yìí kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ, ojú òwú kánfáàsì sì lè jẹ imú èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ lo gúlúù awọ ehoro ní ti àtijọ́, gíráàmù 70 sí lítà omi kan, kó rẹ ẹ́ mọ́jú, kó gbé ìkòkò rẹ̀ sínú omi gbígbóná. Kò gbọ́dọ̀ hó, tó bá hó, agbára rẹ̀ ti lọ. Àmọ́ gúlúù yẹn máa ń fa ọ̀rinrin: á rọ̀ nígbà òjò, á fà gan nígbà ọyẹ́, ọ̀dà orí rẹ̀ á sì máa sán. Fún ojú ọjọ́ tiwa, jẹ́sò acrylic ni mo fọwọ́ sí.

#11 Àdùkẹ́_Aláwọ̀

Ti àwọ̀. Lẹ́yìn jẹ́sò, kí wọ́n fi umber àti ochre (ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú) tí wọ́n fi tápẹ́ńtáìn là kun gbogbo rẹ̀ fẹ́lẹ́, kó dà bí àwọ̀ tíì tí mílíìkì rẹ̀ pọ̀. Orí funfun gbòò, ojú kì í lè wọn òkùnkùn dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi umber nìkan ya gbogbo èèyàn àti ilé náà, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, láìfi àwọ̀ mìíràn sí i. Umber ń yára gbẹ, ìdí nìyẹn tó fi dára ní ìsàlẹ̀. Ìkùn yìí tápẹ́ńtáìn nìkan ni wọ́n máa fi là á. Ìkùn kejì, òróró línsíìdì ìdá kan sí tápẹ́ńtáìn ìdá méjì. Ti ìparí, ìdá kan sí ìdá kan. Òróró gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i bá a ṣe ń gòkè.

Àwọ̀ ara: funfun mẹ́rin, ochre oféèfé méjì, pupa cadmium kan, kí wọ́n wá fi umber díẹ̀díẹ̀ bù ú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí gbogbo èèyàn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ní àwọ̀ ara kan náà, tó pọ́n bí ọsàn. Símónì ti darúgbó, Jòhánù ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó yẹ kó hàn.

Aṣọ Jésù: àwọ̀tẹ́lẹ̀ pupa, ìborùn búlúù tó bo èjìká òsì rẹ̀. Kí búlúù jẹ́ ultramarine. Fún pupa tó jin, kí wọ́n má lo alizarin àtijọ́ torí ó máa ń ṣá. Quinacridone ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Júdásì, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ẹni dúdú láàárín àwọn funfun. Ó kàn fara sẹ́yìn kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ ni, òjìji sì bọ́ sí i lójú. Kí wọ́n má fi ọ̀dà dúdú sí ojú rẹ̀, umber àti ultramarine ni kí wọ́n pò. Mo tẹnu mọ́ ọn torí mo mọ ohun tí àwọn ọmọdé tó ń jẹun lábẹ́ àwòrán náà máa rò.

Aṣọ tábìlì kì í ṣe funfun lásán. Ìṣẹ́po tí wọ́n fi irin lọ̀ ọ́ ṣì wà lójú rẹ̀, onígun mẹ́rin onígun mẹ́rin, ọ̀nà búlúù tí wọ́n hun sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Èyí tó funfun jù, kí wọ́n pa á mọ́ fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á gan-an.

#12 Ìgbìmọ̀_Ìjọ

Ẹ ṣeun púpọ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ń béèrè bóyá ó lè ya àwọn àpọ́sítélì bí ọmọ Yorùbá, kí wọ́n wọ agbádá.

#13 ÌlàÀwòrán_LDN

Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀dà mọ́, iṣẹ́ tuntun ni, owó àti àsìkò rẹ̀ yàtọ̀. Ilẹ̀ wa ti ní i rí: ilé iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll bójú tó ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, níbi tí Lamidi Fakeye àti Bandele ọmọ Areogun ti fi igi gbẹ́ ìtàn Bíbélì ní ìlànà Yorùbá. Wọn kò da ti ẹnikẹ́ni kọ. Tí ìjọ bá fẹ́ irú ìyẹn, ẹ wá ẹni tó lè ronú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ní kó wọ agbádá fún ti Leonardo, torí apá agbádá máa bo gbogbo ọwọ́ tí Àdùkẹ́ ń sọ.

#14 Férémù_Abẹ́òkúta

Kò sẹ́ni tó tíì sọ ti gbígbé kọ́, gbọ̀ngàn ìjẹun sì ni. Èéfín, ooru ọbẹ̀ àti ọ̀rinrin èémí àwọn èèyàn ń bá àwòrán jà. Ní Milan lónìí, ìwọ̀nba èèyàn ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, fún ìṣẹ́jú 15 péré, nítorí ọ̀rinrin yìí kan náà.

Ẹ má gbé e kọ́ sókè ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ, ẹ má sì kọjú rẹ̀ sí fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ fi ìdérí ìgò tí wọ́n fi igi rírọ̀ ṣe, tàbí igi kékeré, sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn rẹ̀, kó jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3. Afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá, ìkéèfun kò ní hù lẹ́yìn rẹ̀, ọmọńlé ò sì ní fi ibẹ̀ ṣe ilé ìsùn. Ìṣó méjì, kì í ṣe ẹyọ kan.

Tí ayàwòrán bá ń gbé e wá láti ìlú míì, kó gbé e bó ṣe nà sórí igi. Tí kò bá ṣeé ṣe, kó ká a mọ́ páìpù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, kí ojú ọ̀dà wà ní ìta. Ọ̀pọ̀ ń ká ojú ọ̀dà sínú kó má baà họ. Ìyẹn gan-an ló ń fún ọ̀dà pọ̀ tó fi ń ṣẹ́.

#15 Ìgbìmọ̀_Ìjọ

A ti bá ayàwòrán náà sọ̀rọ̀ tán. Ó gbà: 176 sí 92, jẹ́sò acrylic, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ẹsẹ̀ àti àwo iyọ̀ láti ti London. A máa sanwó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà wo ló yẹ ká lọ wò ó? Ó sì fi iṣẹ́ kan tó ń ṣe lọ́wọ́ hàn wá, ibì kan ń dán, ibì kan ṣú bí ilẹ̀ gbígbẹ. Ṣé ọ̀dà rẹ̀ kò dára ni?

#16 Ọ̀gá_Fánííṣì

Ọ̀dà rẹ̀ dára. Òróró ibẹ̀ ló ti rì sínú ìkùn ìsàlẹ̀, ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọ̀ umber. Tó bá ti gbẹ, kó po òróró línsíìdì àti tápẹ́ńtáìn ní dọ́gbadọ́gba, kó fi aṣọ rírọ̀ kan pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síbi tó ṣú, kó sì nù ún kúrò pátá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Aṣọ yẹn, kó má ṣe ká a sọ sí igun ilé o. Àkísà tí òróró línsíìdì wà lára rẹ̀ lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Kó tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kó kì í bọ omi nínú garawa onírin tó ní ìdérí.

Ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta: nígbà tó bá fa ìlà tán kó tó fi àwọ̀ kankan sí i, nígbà tí umber bá parí, àti nígbà tí àwọ̀ bá parí. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ṣe pàtàkì jù, torí ọwọ́ àti ilé tí kò tọ́ ṣì ṣeé pa rẹ́ lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú búrẹ́dì funfun lásán. Fánííṣì ìkẹyìn, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà. Kó jẹ́ irú èyí tó ṣeé nù kúrò lọ́jọ́ iwájú, kì í ṣe ti dammar, ìyẹn oje igi, tó máa ń pọ́n. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ó máa padà wá fi í sí i, kẹ́ ẹ sì fi díẹ̀ lára owó dúró de ọjọ́ náà.

#17 Ìgbìmọ̀_Ìjọ

Ó yé wa. Ó tún béèrè ibi tó máa fọwọ́ sí, àti bóyá kó kọ orúkọ Leonardo.

#18 KánfáàsìÌbàdàn

Kó má kọ orúkọ Leonardo síwájú o, Leonardo fúnra rẹ̀ kò kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ̀yìn ni kó kọ ọ́ sí, sára igi, kì í ṣe sára aṣọ, torí táwádà lè mu gba inú kánfáàsì yọ síwájú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Kó kọ orúkọ tirẹ̀, ọdún àti ìlú tó ti yà á, "ẹ̀dà Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn ti Leonardo da Vinci, Milan, ìdá márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ẹsẹ̀ Jésù àti àwo iyọ̀ láti inú ẹ̀dà Royal Academy, London," kó sì to orúkọ àwọn ọ̀dà tó lò àti irú fánííṣì rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ nù ún tàbí tún un ṣe lẹ́yìn wa máa nílò wọn.